Sálámà Tí Ṣùwébù Kò Dáhùn Ní Mísírà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ahọ́n sí wa lẹ́nu tí kò fi egungun sí i, tó sì ní a máa jíhìn ohun tí a bá fi sọ àti ìgbà tí a bá fi dákẹ́. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammadu àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin jámáà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lẹ́yìn aṣọ títa, ẹ̀yin aládùúgbò wa ará ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbé àga yín wá láti ilé kí ẹ lè bá wa jókòó, àsàláámù àléékúmù.

Mi ò gbọ́. Àsàláámù àléékúmù.

Ẹ rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí yín kí ohùn tó jáde. Bàbá tó jókòó ti òpó, ẹ̀yin gan-an, orí lẹ mì sí mi, bí ẹni pé sálámà ń gba àtàrí wọlé. Ẹ má bínú, mo fi yín ṣeré ni, àmọ́ mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kíkí sálámà, súnnà ni. Tí o bá ṣe é, o gba láádá. Dídáhùn rẹ̀, ọ̀ranyàn ni. Tí o kò bá ṣe é, wọ́n máa bi ọ́. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú. Wọ́n ń sọ pé, Alfa yìí mà ṣèèyàn, ṣé nítorí èyí ló ṣe wọkọ̀ láti àárọ̀? Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé kéwú nìyẹn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, èyí tí mo fi ojú mi rí àti èyí tí ẹni tó ṣe é fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Tí mo bá parí, ẹ wá sọ fún mi bóyá ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí tí mo bá ń sọ ọ́.

Oṣù Rájábù ni. Mo kó èèyàn mọ́kàndínlógún lọ sí Úmúrà. Èmi ni àmírù wọn, ìyẹn olórí ìrìn. Tí ẹsẹ̀ bá ń dun ìyá àgbà, èmi ni. Tí bàbá kan kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí omi nínú balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, èmi náà ni. Ọkùnrin kan wà nínú wọn, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ṣùwébù. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara yín, kò sí níbí. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn níbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu, ó ń kírun, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìpátá. Ká ní ìpátá ni, ìtàn náà kò ní bà mí lẹ́rù tó báyìí.

Ẹ mọ àṣà wa tí ẹnì kan bá ń lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo àdúgbò ló máa di àdúà rù ú. Ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò parí, wọ́n á kọ orúkọ sí bébà, wọ́n á ní, bá mi pè é níwájú Káábà. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ṣùwébù, Ìyá Sàlámọ̀tù, orúkọ òun fúnra rẹ̀ nìyẹn, ó ń ta iyọ̀ àti káún. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tó kó dé ibẹ̀, òun nìkan, kò sí ọkọ, kò sí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a máa lọ, ìyá yìí mú àpò aṣọ funfun kékeré kan wá, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti fi òwú rán ẹnu rẹ̀ pa. Ó ní, “Ọmọ mi, má tú u lójú ọ̀nà o. Iwájú Káábà ni kí o ti tú u, kí o pe orúkọ tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Àmánà ni.”

Ṣùwébù gbà á, ó sì fi kọ́rùn sábẹ́ aṣọ. Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò tú àpò náà. Títí di òní mi ò lè bá a wí lórí ìyẹn, ó pa àmánà náà mọ́ bí wọ́n ṣe fi lé e lọ́wọ́. Ẹ fi àpò yẹn sọ́kàn.

Ọkọ̀ òfuurufú wa gba Mísírà kọjá. A gúnlẹ̀ sí Káírò lọ́sàn-án, èyí tó máa gbé wa lọ sí Jíddà di ìdájí ọjọ́ kejì. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù wa mọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà pélébé kan, wọ́n sì kó wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ká lọ sinmi.

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe, nítorí ó máa padà wá bá mi. Lẹ́yìn Ásárì, mo kó gbogbo wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Mo ní, “Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde lálẹ́ yìí. Mo mọ Mísírà, ó máa ń dùn lálẹ́. Ẹni tí mo bá gbọ́ pé ó jáde lọ jayé, màá dá orúkọ rẹ̀ lórí míkírófóònù tí a bá délé. Ìyàwó rẹ̀ máa gbọ́, àna rẹ̀ máa gbọ́, àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa gbọ́.” Mo rí i bí ojú wọn ṣe wálẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ní mo ti ṣe iṣẹ́ alfa. Mi ò dárúkọ Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Orúkọ míkírófóònù ni mo dá.

Ṣùwébù wọ yàrá rẹ̀, ó yọjú lójú fèrèsé. Ó rí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí mẹ́rin níbi tí ojú rẹ̀ gbé e dé. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, “Ìlú mùsùlùmí nìyí. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì, mùsùlùmí ni. Ẹni tó ń wa takisí, mùsùlùmí ni. Kí ni mo fẹ́ bá pàdé níta tó máa jẹ́ hárámù? Alfa yìí kàn fẹ́ràn àṣẹ pípa ni.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kì í ṣe àṣìṣe tiwa nìyẹn? Tí a bá ti gbọ́ Lárúbáwá, a ó ní Àlùkùránì ni. Ṣé ẹ ò tíì rí ìyá àgbà tó rí bébà Lárúbáwá nílẹ̀, tó ṣa á, tó fi kan iwájú orí, tó tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé, tó jẹ́ pé ara páálí bísíkíìtì ló ti já? Mo rí àwọn ìyá tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ. Ẹ ti ṣe é rí.

Ó bá wa kírun Ìṣáì. A sálámà tán báyìí, ó ti yọ́ jáde. Ó wọ takisí, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí etí odò, nítorí odò yẹn ni ìyá Ànábì Mùsá gbé ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé ìlú náà kò sùn. Bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó lórí afárá, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Ẹnì kan ń ti ọmọlanke tó fi ń sun ọ̀dùnkún, èéfín rẹ̀ ń ta sánsán. Àwọn arúgbó ń mu tíì, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bú Mísírà. Àwọn èèyàn yẹn kò ṣe ohun tó burú, afẹ́fẹ́ ni wọ́n jáde wá gbà. Ká ní Ṣùwébù jẹ àgbàdo tirẹ̀ níbẹ̀, tó dúpẹ́, tó padà wá sùn, ǹ bá má ní ìtàn tí mo máa sọ fún yín.

Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi kan so mọ́ èbúté. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ń ṣẹ́jú, orin ń bọ̀ látinú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọ inú ọkọ̀, òun náà bá wọn wọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní tábìlì kan. Ọkùnrin kan mú ẹ̀rọ ìkọrin, ó ń fi ohùn iyọ̀ kọrin ní Lárúbáwá, ó ń ké habíbì, habíbì, ìyẹn olólùfẹ́ mi. Ṣùwébù ní, “Ànábì ni wọ́n ń yìn yìí, olólùfẹ́ Ọlọ́hun.” Omijé lé sí i lójú. Ó bọ́ tẹ̀súbáà kúrò lọ́wọ́, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe àmín.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, torí pé mi ò tíì gbọ́ èyí tó kù.

Ibi tó ti ń ṣe àmín ni aṣọ ìkélé ti ṣí, tí obìnrin kan fi ijó jáde. Aṣọ tó wà lára obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n fi bò ó nítorí àwọn ọmọ tó jókòó síwájú yìí, kò pọ̀. Ọwọ́ tí Ṣùwébù tẹ́, kò mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́. Ó dìde pé kí òun sọ̀kalẹ̀. Ó wo ìta. Èbúté ti jìnnà. Omi dúdú ló yí i ká, ọkọ̀ ti kúrò nílẹ̀ láìsọ fún un.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó padà jókòó, ó ní òun ó dorí kodò títí wọ́n á fi padà sí èbúté. Àmọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya obìnrin náà bó ṣe ń yí kiri láàárín tábìlì. Obìnrin náà dé iwájú tábìlì rẹ̀, gbogbo fóònù tẹ̀ lé e. Ṣùwébù gbójú sókè, ó rí ara rẹ̀ nínú fóònù ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀: fìlà kùfí funfun, jàlábíà tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un, tẹ̀súbáà lórí tábìlì, obìnrin oníjó léjìká rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé ohun tí òun ń rí lọ́kàn nìyí. Ó rí i bí fídíò yẹn ṣe máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan títí á fi dé Wasaapu ẹgbẹ́ wọn nílé. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó mú fóònù dání. Ó gbọ́ ohùn mi lórí míkírófóònù, tí mò ń dá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ síta: “Yéè, mo gbé. Ta ló rán mi níṣẹ́ wá síbí?”

Ọkùnrin kan wà tó ń kó ife òfìfo kúrò lórí àwọn tábìlì. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, á tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó rù, àpá iná kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Ṣùwébù sọ, ó dúró gbagidi. Ó gbé àwo rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó sì padà wá pẹ̀lú ife tíì kan. Ó gbé e síwájú Ṣùwébù, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, láàárín ijó yẹn, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kí àgbà.

Ó ní, “Àsàláámù àléékúmù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú o, mo gbọ́ ohùn yín ni. Ará Òkè-Ògùn ni yín, àbí?”

Ẹ gbọ́ o, sálámà nìyẹn.

“Ẹ mu tíì, ẹ ò ní san nǹkan kan, èmi ni mo fi ṣe yín lálejò. Ọdún méje rèé, ẹ̀gbọ́n, mi ò rẹ́ni bá sọ èdè wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín, ọkọ̀ ò ní pẹ́ padà sí èbúté, èmi fúnra mi á mú yín dé ìdí takisí. Iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ rán yín sí ìyá mi.”

Kí ni ẹ̀yin máa sọ? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ máa sọ pé àléékúmù sálámà, ọmọ ta ni ọ́? Mo mọ̀. Níbí, lórí àga yín, gbogbo yín lẹ máa sọ ọ́. Ṣùwébù náà ì bá sọ ọ́ ká ní orí àga yín ló wà.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ̀rù tó ń ba òun di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó ní, “Alfa, mo rò ó pé Lárúbáwá tó ń yà mí kò mọ̀ mí. Ará ilé ló burú. Tí mo bá sọ orúkọ mi fún un, á rán iṣẹ́ sílé, ilé á bi í pé níbo ló ti rí mi.” Ó bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọ́ Hausa díẹ̀ lẹ́nu àwọn lébìrà tó ń po yanrìn fún un. Ó ní, “Ban ji ba.” Ìyẹn ni pé òun kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan.”

“Ban ji ba.”

Ó dìde. Ó tún sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Àsàláámù àléékúmù.” Ẹ̀yin jámáà, ìyẹn ò nílò ògbifọ̀. Hausa gbọ́ ọ, Lárúbáwá gbọ́ ọ, ọmọ ọdún méjì gbọ́ ọ. Ọ̀ranyàn ni. Ṣùwébù wo omi. Ọkùnrin náà dúró tó bí ìgbà téèyàn máa fi ka Fátíhà, kó tó lọ. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Tíì náà wà lórí tábìlì títí ó fi tutù.

Nígbà tí ọkọ̀ kan èbúté, Ṣùwébù ló kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀. Ó sáré wọ takisí. Àwọn ọlọ́pàá dá takisí náà dúró lọ́nà, wọ́n ń béèrè ìwé. Ó na bébà pélébé tí wọ́n fún wa sí wọn, òógùn ti rin ín, ọlọ́pàá náà ló bá a ṣí i. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó bá wa lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì níbi tí a ti ń di ẹrù sínú bọ́ọ̀sì. Mo bi í pé, “Níbo lo ti ń bọ̀?” Ó ní, “Mọ́ṣáláṣí kan wà lọ́hùn-ún, Alfa, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe náfílà.” Mo gbóríyìn fún un. Mo tún sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n wo àpẹẹrẹ. Ọlọ́hun, foríjì mí.

A dé Mẹ́kà. A yípo Káábà, a sáré Sáfà òun Máríwà, a fá orí. Lọ́jọ́ kejì, Ṣùwébù jókòó síbi tó ti ń rí Káábà dáadáa, ó fi eyín já òwú ẹnu àpò náà. Bébà kan wà nínú rẹ̀ àti fọ́tò kékeré kan. Ohun tí wọ́n kọ sínú bébà nìyí: “Ràfíù ọmọ Sàlámọ̀tù. Ó gba aginjù lọ, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọlọ́hun, tó bá ṣì wà láyé, jẹ́ kí ará ilé kan rí i.”

Ó yí fọ́tò náà síwájú. Àpá iná wà ní àgbọ̀n ẹni inú rẹ̀.

Inú yàrá mi ló sáré wá. Mo rò pé oòrùn ló mú un, ètè rẹ̀ funfun. Ó na fọ́tò náà sí mi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, orin tó ṣe àmín sí, fóònù, tíì, Hausa tó sọ. Nígbà tó parí, mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, “Ṣùwébù, wọ́n kí ọ ní sálámà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dí ọ lẹ́nu?”

Ó wò mí. Kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ni, Alfa. Ẹ ní ẹ máa dá orúkọ mi.”

Gbogbo ara mi tutù, bí Mẹ́kà ṣe gbóná tó yẹn. Ogún ọdún ni mo ti fi ń ṣe wáàsí nígbà náà. Mo ti dẹ́rù ba èèyàn nípa iná, nípa sàréè, nípa àwọn màláíkà méjì tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹni tó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun máa dáhùn sálámà níbikíbi tí wọ́n bá ti bá a, torí pé Ọlọ́hun ti rí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rù èèyàn, ojú omi ló máa wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Káírò tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí èbúté yẹn kó tó rí ọkọ̀ náà. Alásè tó ń dáná níbẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, “Ràfíù ti lọ. Àwọn tó ń kó èèyàn sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ òyìnbó ti ń pè é tipẹ́, kò dá wọn lóhùn. Ó máa ń sọ pé òun ń retí ará ilé kan tó máa bá òun jíṣẹ́ fún ìyá òun. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó wọ ilé ìdáná wá, ó ní ará ilé òun wá lónìí, ó wo ojú òun, ó ní òun kò gbọ́ èdè òun. Ó ní ilé ti gbàgbé òun. Ilẹ̀ mọ́, ó bá wọn lọ.”

A bi í pé ṣé ọkọ̀ òkun náà dé ibi tó ń lọ. Alásè náà ní òun kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Nígbà tí a padà délé, Ṣùwébù ní, “Alfa, ẹ jẹ́ ká kàn sọ fún ìyá pé mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀meje. Mo sì pè é lóòótọ́.” Mo máa sọ òtítọ́ fún yín: èmi náà rò ó. Mo rò ó fún ọjọ́ méjì gbáko, mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn náà mo ní rárá o, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ọjọ́ tí òótọ́ bá bá èyí, níwájú Ọlọ́hun ni, Ràfíù á sì dúró lápá kan. Mo bá Ṣùwébù lọ.

Ìyá ń wọn iyọ̀ lọ́wọ́. Ó rí wa, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó gbé àga fún wa, ó ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọmọ mi, ṣé o pe orúkọ náà?” Ṣùwébù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọkọ̀ òkun, mo rò pé ìyá máa ṣubú. Kò ṣubú. Kò sọkún. Ó jókòó, ó ki ọwọ́ bọ inú iyọ̀.

Ó ní, “Ṣé ó rù?”

Ṣùwébù ní, “Ó rù díẹ̀, ìyá.”

“Àpá iná yẹn, ṣé ó ti ń parẹ́?”

“Ó ṣì hàn, ìyá.”

Ó ní, “O ní ó gbé tíì fún ọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.”

“Ṣé o mu ún?”

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Kò mu ún, ìyá.”

Ìgbà yẹn ni ìyá tó sọkún. Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé, “Ọmọ mi ṣe àlejò, àlejò kò mu ún. Ọmọ mi ṣe àlejò, àlejò kò mu ún.” Ẹ̀yin jámáà, mo ti gbọ́ igbe òkú, mo ti gbọ́ igbe ilé tó jó. Igbe yẹn ni mò ń gbọ́ tí mo bá fẹ́ sùn.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe fún Ṣùwébù. Tí ẹ bá ní kí n dá orúkọ rẹ̀ ní gbangba, màá dá a.” Ìyá di ọwọ́ agbádá mi mú. Ó ní, “Alfa, má dá orúkọ tirẹ̀. Orúkọ ọmọ mi ni kí o máa dá. O ní míkírófóònù, èmi ò ní.”

Nítorí náà ni mo ṣe pa orúkọ Ṣùwébù dà lónìí, tí mi ò pa ti ọmọ náà dà. Ràfíù ni. Ràfíù ọmọ Sàlámọ̀tù, àpá iná wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń lọ sí ìlú òkèèrè, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i, ibi yòówù kó ti rí i, bó jẹ́ mọ́ṣáláṣí, bó jẹ́ ilé ijó, kó má wo ojú omi. Tí ìtìjú bá fẹ́ mú un, kó jẹ́ kó mú un, kó ṣáà dáhùn. Kó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣì ń ta iyọ̀, pé kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá wa ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ìwọ Ọlọ́hun tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá Mùsá lórí odò yẹn, tó sì dá a padà fún un, Ràfíù wà lọ́wọ́ Rẹ. Tó bá wà lórí ilẹ̀, fi ẹni tó máa dá a lóhùn pàdé rẹ̀. Tó bá wà nínú omi, Ìwọ náà lo ni omi, kẹ́ ẹ. Mú ẹ̀rù èèyàn kúrò lọ́kàn wa, fi ẹ̀rù Rẹ sí i. Ibi tí ìrìn àjò bá gbé wa dé, má jẹ́ ká di ẹni tí kò gbọ́ èdè ará ilé rẹ̀. Foríji Ṣùwébù. Foríji alfa tó dẹ́rù bà á.

Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Àsàláámù àléékúmù.

Mo gbọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kí yín, gbogbo yín lẹ dáhùn. Bàbá tó ti òpó, mo gbọ́ tiyín náà.